Àgbo Tí Fusae Kò Gbọdọ̀ Pín

Bí ẹ bá dé àdúgbò wa, tí ẹ rí obìnrin kan tó gbé abọ́ dání, tó fi aṣọ pélébé bò ó, tó ń yára rìn bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó jẹ́. Fusae ni, ìyàwó mi. Ẹnìkan ti fún un ní nǹkan láàárọ̀, ara rẹ̀ kò sì lè balẹ̀ títí yóò fi pín in. Ní Toyama níbí, bá a ṣe ń gbé nìyẹn: ohun tó bá wọlé, díẹ̀ nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé kejì, ilé kejì kò sì gbọdọ̀ dá abọ́ padà lófìfo. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwa yòókù ń ṣe é nítorí pé àṣà ni, Fusae ń ṣe é nítorí pé kò lè ṣàìṣe é.

Hamatani Kōsaku ni orúkọ tèmi. Àgbẹ̀ nashi ni mí, èso roboto tó fara jọ ápù, tí omi dídùn kún inú rẹ̀. Orí òkè kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni oko náà wà, bàbá mi ló gbìn ín. Ọdún tí mo gbé Fusae wọlé, mo ṣa àwọn nashi tó dára jù lọ, mo tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé àwọn oníbàárà ń bọ̀ wá kó wọn. Mo ní kí n lọ fọ ọwọ́ ni. Nígbà tí mo máa fi padà dé, apẹ̀rẹ̀ nìkan ló kù.

"Nashi dà?"

"Wọ́n ti lọ kí àwọn aládùúgbò."

"Ta ló rán wọn?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Àwọn èèyàn ń kọjá ni, wọ́n sì ń wò ó."

Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé mi ò ní lówó láyé mi. Mi ò sì ní in lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì ṣàìsàn kí ọbẹ̀ má ti ilé mẹ́rin márùn-ún wọlé.

Ọmọ etí òkun ni Fusae. Ìyá wọn kú nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, òun ló sì tọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Morio. Lábúlé wọn, tí ọkọ̀ ojú omi bá gúnlẹ̀, etí omi níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pín ẹja kó tó di pé ẹnikẹ́ni tà lára rẹ̀, ẹni tí kò bá pín, àwọn èèyàn á máa wò ó ní ìwòkuwò. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Morio di apẹja, àwọn ẹja kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí ara wọn máa ń tàn yòò nínú òkun nígbà ìrúwé ló ń pa, ó sì mọ iṣẹ́ náà dunjú.

Nígbà tí Fusae wọlé wá, tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Mo ní fọ́tò rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń gbé abọ́ jáde lójoojúmọ́, ojoojúmọ́ náà ni abọ́ ń padà wá bá a, kì í sì í padà lófìfo. Mochi, ìyẹn ìrẹsì gígún tí wọ́n di ẹ̀wà dídùn sínú rẹ̀. Ànàmọ́ dídín. Ẹja dídín. Àkàrà òyìnbó. Ẹni tó gbé e wá á sì jókòó, á máa wojú ẹ pé kó o tọ́ ọ wò. Báyìí ni ọdún ń gorí ọdún. Ikùn tí ẹ rí lára ìyàwó mi yẹn, kì í ṣe òun ló dá a kọ́, àdúgbò ló bá a kọ́ ọ.

Ìjọba náà mọ̀ sí i. Ní orílẹ̀-èdè wa, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, wọ́n á pè é lọ́dọọdún láti wá fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀, nítorí ọ̀rá inú ikùn tó ń fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń fa ikùn mọ́ra. Fusae á gbé mochi lọ fún nọ́ọ̀sì tó di téèpù mú.

"Màmá, téèpù ti kọjá ààlà o."

"Téèpù yín ló ti gbó. Ẹ jẹ mochi, ẹ tún un wọ̀n."

Apanilẹ́rìn-ín ni gbogbo rẹ̀ jẹ́ nígbà náà. Kò tíì ní ìtumọ̀ kankan sí wa.

Lẹ́yìn náà ni kíndìnrín Morio kọṣẹ́ sílẹ̀. Ó di pé kí wọ́n máa so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kan sí ìkejì, láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Ẹni tó ń lọ sójú òkun kò lè máa lọ sídìí ẹ̀rọ. Ọkọ̀ rẹ̀ wà ní èbúté, àwọn ẹyẹ òkun sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Morio tó jẹ́ pé ariwo rẹ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí i, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Omi pàápàá, wọ́n ní kó máa wọ̀n ọ́n mu, nítorí kò lè tọ̀ mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí Fusae gbójú sókè.

"Bàbá Chigusa, mo fẹ́ fún Morio ní ọ̀kan."

Chigusa ni ọmọ wa, ó ń gbé ní Osaka. Mo rò pé adìẹ tàbí apẹ̀rẹ̀ ìrẹsì ló ń sọ.

"Ọ̀kan nínú kí ni?"

"Kíndìnrín mi. Méjì ni mo ní."

Bó ṣe sọ ọ́ kò yàtọ̀ sí bó ṣe máa ń sọ pé òun fẹ́ fún ẹnìkan ní ìdajì iṣu. Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo sọ pé rárá, kò ní gbọ́, mo sì mọ̀ pé mi ò lè sọ pé rárá.

Ilé ìwòsàn ńlá tó wà láàárín ìlú yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀jẹ̀ bá ẹ̀jẹ̀ mu. Fusae ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri àti àga, ni dókítà, obìnrin kan tó kéré sí ọmọ wa lọ́jọ́ orí, bá fa àga sún mọ́ ọn.

"Màmá, kíndìnrín yín dára. Ikùn yín ni kò jẹ́ kí n lè gbà á."

Ó ṣàlàyé. Ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà àtọ̀gbẹ, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Bí wọ́n bá yọ kíndìnrín kan lára ẹni tó wà nírú ipò yẹn, èyí tó kù lè má gbé ẹrù náà dalẹ́. "A kì í torí ká wo ẹnìkan sàn ká sọ ẹlòmíì di aláìsàn," ó ní. "Ẹ lọ dín in kù. Tí ewé bá ti ń pọ́n lórí igi, ẹ padà wá. Bí ẹ bá ti dín in kù, a ó ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò ní lè ṣe é rárá, nítorí ọjọ́ orí yín ń lọ."

Inú ọkọ̀ ni Fusae ti sunkún. Mi ò tíì rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. "Gbogbo ayé ni mo ti fún ní nǹkan," ó ní, "èyí tó wù mí jù lọ láti fúnni ni wọ́n ní ọwọ́ mi kò tó."

Bá a ṣe dé ọ̀dọ̀ Dókítà Minobe nìyẹn. Dókítà tó kàwé bíi tàwọn yòókù ni, ṣùgbọ́n ó ń fi egbòogi àwọn bàbá wa wo èèyàn, bí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti ṣe. Dókítà ilé ìwòsàn ní kò burú, kó ṣáà jẹ́ kí òun mọ gbogbo ohun tó bá wà nínú àgbo náà. Ilé Minobe kún fún dúróà kéékèèké láti ilẹ̀ dé òkè àjà, òórùn gbòǹgbò ló sì máa pàdé èèyàn lójú títì. Kì í wo ìwé àyẹ̀wò nìkan. Á wo ahọ́n ẹ, á di ọrùn ọwọ́ ẹ mú, á wá ní kó o dùbúlẹ̀ kí òun tẹ ikùn ẹ.

"Ẹ na ẹsẹ̀ yín. Ẹ má fa ikùn mọ́ra, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì onítéèpù."

"Mi ò fà á."

"Ẹ ń fà á."

Fusae mí kanlẹ̀, ikùn sì padà sáyè rẹ̀. Ọwọ́ bàbá náà tutù débi pé obìnrin náà fò sókè. Ó tẹ̀ ẹ́ lókè, ó tẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀, ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ìdodo.

"Ó le. Agbára wà nínú ikùn yìí, ooru wà níbẹ̀, nǹkan ló dì í pa. Ìgbẹ́ ńkọ́?"

"Dókítà, ọkọ mi wà níbí."

"Ṣé òun náà kì í yà ni?"

Mo ní, "Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ni tìyàwó mi, sà." Ojú tí Fusae fi wò mí, mo ṣì ń rántí rẹ̀.

Minobe rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí dúróà. Ó bu ti ibí, ó bu tọ̀hún, ewé tó ń mú kéèyàn làágùn, gbòǹgbò tó ń ṣí ìfun, atalẹ̀, òdòdó gbígbẹ, àní òkúta lílọ̀ wà nínú rẹ̀. Ó di ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú àpò bébà tirẹ̀. Inú ìkòkò amọ̀ ni kí a ti máa sè é, títí omi yóò fi fà sí ìdajì, ife mẹ́ta ni yóò sì jẹ́, òwúrọ̀, ọ̀sán, alẹ́, kó tó jẹun.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, Màmá. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ikùn kò dọ́gba. Ẹni méjì lè sanra bákan náà, kí oògùn ọ̀kan jẹ́ wàhálà èkejì. Kì í ṣe àgbo ọ̀rá ni mo fún yín. Àgbo Fusae ni. Kò sì lè dá ìjà yìí jà. Tí ikùn bá ti fẹ́ẹ́ kún, tó ku ibi tí ife omi méjì lè gbà, ẹ dìde nídìí oúnjẹ. Ẹ sì máa gun òkè ẹ̀yìnkùlé yín lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ń jẹun lé àgbo lórí, àgbo á kàn máa wò yín níran ni."

Ilé wa wá ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Fusae á di imú, á gbé e mu, á fún ojú pọ̀, á wá sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, á sì jáde wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Tó bá ti wọn ara rẹ̀ tán, ó di kó pe Morio lórí fóònù.

"Morio, ó ti tún dín o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ má gbẹ dànù nítorí tèmi."

"Èmi? Tí mo bá gbẹ fún ọdún mẹ́wàá, á ṣì kù."

Lẹ́yìn náà, nígbà tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, téèpù dúró. Ó dúró, ó dúró, nígbà tó tún yá, ó ń padà síbi tó ti wá. Ó ń gun òkè, mo ń rí i. Ó ń dìde nídìí oúnjẹ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì wà nínú àwo. Ó ń se àgbo láràárọ̀, òórùn rẹ̀ ló ń jí mi. Mo ro ó títí, kò yé mi. Ìgbà tí Fusae fi téèpù náà sílẹ̀ tí kò pe Morio lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù náà sì di ìbínú.

"Ìyá Chigusa, kí lò ń jẹ ní kọ̀rọ̀?"

"Ṣé olè lẹ sọ mí dà nínú ilé ara mi?"

"Mo bi ẹ́ ní ìbéèrè."

"Mi ò jẹ ohunkóhun tí ẹ ò rí. Mo kàn ń tọ́ nǹkan tí wọ́n bá gbé wá wò ni, nítorí pé wọ́n á máa wojú mi."

Lóòótọ́, mo ti kíyè sí i pé mochi pọ̀ nílé wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èmi náà ń jẹ níbẹ̀, ẹnu tó ń jẹ kì í sì í ráyè bèèrè.

Nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, kí àwọn òkú wa tó máa bọ̀ wá kí wa nílé bí wọ́n ti ń ṣe lọ́dọọdún, gbogbo àdúgbò máa ń jáde lọ gé koríko ojúbọ. Oòrùn mú lọ́jọ́ yẹn. A ò tíì gé dé ìdajì nígbà tí mo rí Màmá Tatsuko, tí ògiri ilé rẹ̀ kan tiwa, tó ju dòjé sílẹ̀, tó dìdí mú, tó sì sáré lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojúbọ. Ó padà wá, ó tún sáré lọ. Ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ ni Màmá Tatsuko, ikùn kékeré kan ló so mọ́ ọn níwájú tí kò jẹ́ kó sùn. Lẹ́ẹ̀kẹta tó sá lọ, àwọn ọkùnrin ti ń ta á lẹ́nu. "Màmá, ṣé ẹ ń bá wọn bu omi síbẹ̀ ni?"

Ibi tá a ti ń rẹ́rìn-ín ni Kimie, ìyàwó ẹni tó ń tọ́jú ojúbọ, ti jókòó gbì sílẹ̀. Obìnrin tó lára ni, ẹlẹ́jẹ̀ ríru, gbogbo wa ló mọ̀. Ó di àyà mú.

"Ọkàn mi ń sáré. Ó ń sáré ju mí lọ."

A gbé e lọ sábẹ́ igi, a fún un lómi, a ń fẹ́ ẹ. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Mi ò jẹ nǹkan kan. Àgbo Ìyá Chigusa nìkan ni mo mu."

Ohùn Màmá Tatsuko jáde wá láti inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Àwa méjèèjì là ń mu ún."

Gbogbo ojú yí sí Fusae. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú dòjé lọ́wọ́.

"Wọ́n ní ikùn tàwọn náà ń yọ," ó ní. "Wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀ láràárọ̀. Ṣé kí n wá máa dá nìkan mu ún níṣojú wọn ni?"

Ife mẹ́ta ni ìkòkò ń mú jáde lójúmọ́. Ife kan fún òun, ìkan fún Màmá Tatsuko, ìkan fún Kimie, inú fúláàsì ló ń rọ tiwọn sí. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn náà kò sì jẹ́ dá fúláàsì padà lófìfo. Màmá Tatsuko á fi mochi ẹlẹ́wà sí i lápá kan, Kimie á fi ànàmọ́ dídín. Àgbo ń gba ẹnu ọ̀nà jáde, ọ̀rá ń gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn èèyàn wa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, tí aláìsàn á pín oògùn rẹ̀ bí ẹni pín ẹja, tí á máa ni ẹni tó gbà á lára, tí kò sì ní kọ̀ ọ́ nítorí pé kíkọ ẹ̀bùn burú ju inú rírun lọ.

Mo kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ọkọ̀ akẹ́rù mi, ọkọ Kimie jókòó sẹ́yìn. Oúnjẹ ọ̀sán ni Dókítà Minobe ń jẹ lọ́wọ́. Ó fi í sílẹ̀, ó kọ́kọ́ tọ́jú Kimie. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ó jẹ́ kó sinmi, ó tún un yẹ̀ wò títí ó fi rọlẹ̀.

"Ewé kan wà nínú àgbo yẹn tó máa ń lé ọkàn sáré," ó ní. "Ẹni bíi tiyín kò gbọdọ̀ fi ahọ́n kàn án. Orí yín ló yọ yín."

Ó wá tẹ ikùn Màmá Tatsuko. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Yìnyín ló wà nínú yín, Màmá. Ó rọ̀, ó tutù. Àgbo tó ń tú ìfun lẹ wá ń mu lé e lórí? Kí lẹ fẹ́ kó tú? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Mo rí i pé kò bá mi lára mu, sà."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi í sílẹ̀?"

"Wọ́n fún mi ni," Màmá Tatsuko dáhùn. "Ojú wo ni mo fẹ́ fi kọ̀ ọ́?"

Minobe wo Fusae, Fusae wo ilẹ̀. Mo rò pé bàbá náà á jágbe mọ́ ọn. Ẹ̀rín ló pa á, ó rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó wá le koko. "Mo sọ fún yín. Àgbo Fusae ni mo pè é. Lónìí, ó kù díẹ̀ kí ẹ fi àánú pa èèyàn. Kò gbọdọ̀ tún ṣẹlẹ̀."

A já àwọn yòókù sílẹ̀ sílé. Ó ku èmi àti ìyàwó mi nínú ọkọ̀, mi ò sì lè pa á mọ́ra mọ́.

"Fusae," mo ní. N kì í pè é lórúkọ. "Ife méjì tí ò ń bù jáde lójoojúmọ́ yẹn, ara Morio lo ti ń bù ú. Ewé máa tó pọ́n. Bí wọ́n bá ní ikùn rẹ kò gbà, ìdí ẹ̀rọ yẹn ló máa kú sí, ìwọ náà á sì mọ ibi tí kíndìnrín rẹ̀ lọ. Inú fúláàsì Kimie ni."

Ọ̀rọ̀ náà le. Mo fẹ́ kó le. Nígbà tá a délé, ó fọ ìkòkò amọ̀ náà, ó tún un fọ̀, ó jókòó sí ilé ìdáná ó ń wò ó.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó dára, ó sì jáde lọ́wọ́ òfo. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí i kó lọ sílé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òfo. Mo tẹ̀ lé e. Ó kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kimie àti ọkọ rẹ̀, ó tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Ohun kan náà ló ń sọ níbi gbogbo: kí wọ́n dákun, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan wá fún òun títí ewé yóò fi pọ́n, bí wọ́n bá sì gbé e wá, òun kò ní gbà á, kì í ṣe pé òun kórìíra wọn. Ó sọ ìdí rẹ̀. Morio kò tíì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìta tẹ́lẹ̀.

Màmá Tatsuko bú sẹ́kún. Kimie, tó ṣì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ìyá Chigusa, tí a ò bá gbé abọ́ wá, kí la ó máa gbé wá?"

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ wá," ìyàwó mi dáhùn. "Òkè yẹn gùn, ó sì ń sú mi láti dá gùn ún."

Bí òkè ẹ̀yìnkùlé mi ṣe di ọ̀nà ọjà nìyẹn. Láràárọ̀ ni mo ń gbọ́ ẹnu wọn kí n tó rí wọn, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Minobe fún Màmá Tatsuko ní àgbo tirẹ̀, atalẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, màmá náà kò sì fi han ẹnikẹ́ni. Kimie ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan gùn ún, díẹ̀díẹ̀, dé ibi tí dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí. Ìkórè nashi dé. Fusae kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, omi rẹ̀ ń ṣàn sí i lọ́wọ́, ẹyọ kan péré ló ń jẹ lójúmọ́. Èmi tí mo ń jẹ tèmi lẹ́yìn igi, ojú tì mí.

Èyí tó nira fún un jù ni mímu àgbo náà. Kì í ṣe kíkorò rẹ̀. Kó máa dá nǹkan mu láìbu fún ẹnìkan ni. Ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó bá fẹ́ mu ún. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, mo gbọ́ tó ń kùn sínú ife bí ọmọdé tí wọ́n kọ́ ní orin, "Tèmi ni. Tèmi ni. Tèmi ni." Mo rọra kúrò níbẹ̀.

Ewé pọ́n. Wọ́n wọn ìbàdí rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Dókítà wo àwọn bébà náà, ó tún wo ojú Fusae. "Ta ni màmá yìí?" ó ní, "Níbo lẹ gbé èyí tó wá lọ́jọ́sí sí?" Ṣúgà ti sọ̀kalẹ̀, ọ̀rá ti dín lára ẹ̀dọ̀. Wọ́n gbà. Minobe sọ pé àgbo òun ló ṣe é, èmi sọ pé òkè mi ni, Kimie sọ pé ìwà ahun tí Fusae kọ́ ni. Kò sẹ́ni tó mọ̀ lóòótọ́. Wọ́n ní kó dá àgbo náà dúró kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ó sì fi ìkòkò náà pamọ́.

Àṣé ẹnìkan kù tí kò tíì gbà. A lọ sí etí òkun láti sọ fún Morio. Ó tẹ́tí gbọ́ wa tán, ó wá kọjú sí fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gbà á."

"Kí lo wí?"

"Tí wọ́n bá fún èèyàn lẹ́bùn, ó yẹ kó dá ó kéré tán ìdajì rẹ̀ padà. Kí ni mo fẹ́ fi dá ìdajì èyí padà? Bí mo bá kó gbogbo ẹja inú òkun yìí fún yín, ṣé ó tó? Ojú á máa tì mí lójoojúmọ́ tí mo bá jí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Fusae fi ọwọ́ kàn mí lórúnkún pé kí n dákẹ́.

"Morio, wò mí. Lọ́dún yìí, mo kọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ra mu nǹkan láìpín. Ó pa mí lára ju ebi lọ. Torí tìẹ ni mo ṣe kọ́ ọ. Ìwọ náà kọ́ tìẹ. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan kí wọ́n má dá a padà."

"Ojú á tì mí, Ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kó tì ẹ́. Ṣáà wà láàyè kó lè máa tì ẹ́."

Morio fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Nígbà tó ṣe, ó mi orí pé ó dáa.

Wọ́n ṣe é nígbà tí yìnyín ti bo orí òkè Tateyama. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mi ò lè jẹun, mi ò lè mu omi, mo ń ka àwọn òkúta ilẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé Fusae jáde. Ó la ojú, ó bèèrè Morio, ó tún sùn. Ó jí, ó tún bèèrè. Mo ní a ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kékeré ni, ó ń gbìyànjú láti má sáré.

"Màmá, àbúrò yín ti tọ̀."

"Ó ti kí ni?"

"Ó ti tọ̀. Ó pọ̀. Kò dẹ̀ tíì dáwọ́ dúró."

Fusae bú sẹ́rìn-ín, ojú abẹ dùn ún, ó di ikùn mú, ó ń rín, ó ń pariwo pé ó ń dun òun, kò sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Èmi, ẹkún ló gbé mi. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo sunkún bí mi ò ti sun ún rí níwájú rẹ̀, imú mi ń ṣàn.

"Kí lẹ wá ń sunkún sí, Bàbá Chigusa?" ó bi mí. "Ṣé kíndìnrín yín ni?"

Mo ní rárá, mo ní kíndìnrín kọ́ ni tèmi, obìnrin tó ni ín ni.